Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Gígùn: Ṣé Etí La Fi Ń Gé E Ni, àbí Ìtumọ̀?

Ìbéèrè láti Ìkéré-Èkìtì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ tísà méjì. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, ọdún tó ń bọ̀ ló máa ṣe WAEC. Tísà ilé ìwé rẹ̀ ní kó máa pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ tó bá gùn, àtẹ́wọ́ kan fún sílébù kan. Ẹni tó ń ṣe lẹ́sìnnì fún un nílé ní eré ọmọdé nìyẹn, pé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ àti àfòmọ́ ni kó máa wá. Wọ́n wá dé orí "photography". Ọ̀kan gé e sí mẹ́rin, èkejì gé e sí mẹ́ta, ibi tí wọ́n ti gé e ò sì bára mu. Ọmọ ní òun ò mọ ẹni tí òun máa gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí àwọn méjèèjì lọ sinmi, pé fóònù á sọ ọ́. Ta ni ká tẹ̀ lé?

* * *

Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Adó-Èkìtì níbí. Àwọn tísà méjèèjì ló tọ̀nà, mà á. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ ń gé ohun tí etí gbọ́, ẹni tó ń wá ìpìlẹ̀ ń gé ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ohun tó da ọmọ yín láàmú ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìgé méjì ló wà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Lẹ́nu, pho-TOG-ra-phy ni: sílébù mẹ́rin, èkejì la tẹnu mọ́. Ní ti ìtumọ̀, "photo" jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀, "graph" jẹ mọ́ kíkọ tàbí yíyà, "y" sì ni àfòmọ́ ìparí tó sọ ọ́ di orúkọ iṣẹ́. Ẹ wá wo "graph" yẹn dáadáa. Etí ti fọ́ ọ: "g" lọ bá "tog", èyí tó kù di "ra-phy". Ibẹ̀ gan-an ni ìjà tísà méjèèjì wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣe báyìí. Ẹ mú orúkọ Adébáyọ̀. Lẹ́nu, A-dé-bá-yọ̀. Ní ìtumọ̀, adé bá ayọ̀. "A" tó bẹ̀rẹ̀ ayọ̀ ti pa rẹ́, etí ò gbọ́ ọ mọ́, síbẹ̀ kò sí ọmọ Èkìtì kan tí kò mọ̀ pé ayọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ tún wo "àìlówólọ́wọ́". Àì, ní, owó, ní, ọwọ́ ló kóra jọ síbẹ̀. "Ní" ti sọ fáwẹ́lì rẹ̀ nù, ó sì ti di "l" lójú wa báyìí, lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yín ti ń ṣe ìgé méjèèjì láti kékeré nínú èdè tirẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Ìlànà tí mo fi ń kọ́ àwọn tèmi: tó bá ń kàwé tó sì fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ, kó gé e ní ti ìtumọ̀. Tó bá fẹ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, tàbí tó bá ń dáhùn Test of Orals, ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu WAEC, kó gé e ní ti etí.

* * *

Ẹnì kan láti Ìjerò ní kí ló gba gbogbo àlàyé yìí, ká ṣáà ka fáwẹ́lì, iye fáwẹ́lì ni iye sílébù.

Òótọ́ nìyẹn nínú Yorùbá, tí a bá ti ka "n" àti "m" tó ń gba ohùn mọ́ ọn: ò-ro-ǹ-bó, sílébù mẹ́rin. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà tí ojú rí kì í sábà jẹ́ fáwẹ́lì tí etí gbọ́. "Beautiful" ní lẹ́tà fáwẹ́lì márùn-ún, sílébù mẹ́ta péré ni. "Queue" ní mẹ́rin, sílébù kan ni. "Strengths" gba lẹ́tà mẹ́sàn-án, sílébù kan ṣoṣo náà ni. "Rhythm" ò ní a, e, i, o tàbí u kankan nínú, síbẹ̀ méjì ni, torí pé "m" ìparí rẹ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí "ǹ" inú òroǹbó ṣe dá dúró. Bákan náà ni "n" inú "button" àti "l" inú "bottle". Àwọn tísà kan máa ń sọ fún ọmọ pé kò sí sílébù láìsí fáwẹ́lì. Ọmọ Yorùbá tó ń sọ "ńlá" lójoojúmọ́ kò yẹ kó gba ìyẹn gbọ́.

Àwọn kan tún wà tí ìkọ̀wé wọn gùn ju ti ẹnu lọ. "Wednesday" jẹ́ méjì. "Vegetable" àti "comfortable" jẹ́ mẹ́ta lẹ́nu àwọn tó ni èdè. "Clothes" jẹ́ kan. Ọmọ Èkìtì tó ń sọ "ulé" àti "uṣu" nílé, tó sì ń kọ "ilé" àti "iṣu" ní kíláàsì, ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnu àti ìwé lè yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

* * *

Mo fẹ́ padà sórí àtẹ́wọ́, torí mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ó ní ibi tó ti ń ṣìnà.

Ẹ ní kí ọmọ pàtẹ́wọ́ sí "school", kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Tó bá pa á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, sùkúù ló ń pàtẹ́wọ́ sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, kì í sì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra láìsí fáwẹ́lì láàárín. Ìdí nìyẹn tí "bread" fi di búrẹ́dì, tí "glass" sì di gíláàsì. Búrẹ́dì ò ní àléébù kankan, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi í ka sílébù Gẹ̀ẹ́sì á ka mẹ́ta níbi tí ẹyọ kan wà. Nítorí náà, kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ, kó sọ ọ́ tẹ̀ lé e, kó tó pàtẹ́wọ́. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ sí ohun tí kò tíì gbọ́ rí, ìkọ̀wé lásán ló ń pàtẹ́wọ́ sí.

Ibi tí máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn jù ni "-ed". Lẹ́yìn "t" tàbí "d" nìkan ló ti ń di sílébù tirẹ̀: "wanted" jẹ́ méjì, "needed" jẹ́ méjì. Níbòmíràn kò fi nǹkan kún un: "asked", "cooked", "walked", "loved", ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn. Mo ń gbọ́ "as-kẹd" lẹ́nu àwọn tó ti gboyè.

* * *

Ẹlòmíràn láti Ọ̀yẹ́ bínú díẹ̀. Ó ní stress yìí, ìyẹn sílébù tí a ń tẹnu mọ́, kò ṣeé kọ́, pé àkọ́sórí ni, àti pé kí ló dé tí a ó fi máa pọ́n ọmọ lójú nítorí ohùn àwọn òyìnbó, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà ti yé gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú èkejì kọ́kọ́. Mo gbà pé ó yé wa. Ẹni tó bá sọ "main-TE-nance" fún mi ní Ìjìgbò, mi ò ní dá a dúró láti tún un ṣe fún un. Ṣùgbọ́n WAEC ní Paper 3 tó dá dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu: ìbéèrè 60, ìṣẹ́jú 45, máàkì 30. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ti ìlú Ọba ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, MAIN-te-nance ni wọ́n sì ń retí. JAMB náà a máa kọ ọ̀rọ̀ kan lọ́nà mẹ́rin, kí ọmọ mú èyí tí lẹ́tà ńlá rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni ká kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n máa bi í. Bó bá jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kó sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú.

Ní ti pé àkọ́sórí ni, rárá o. Ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ibi tí stress wà, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọ̀rọ̀ bá parí pẹ̀lú "-tion", "-sion", "-ic", "-ity" tàbí "-ian", ẹ wo sílébù tó ṣáájú ìparí yẹn, òun la máa ń tẹnu mọ́: e-du-CA-tion, de-CI-sion, sci-en-TI-fic, a-BI-li-ty, mu-SI-cian. Bó bá jẹ́ "-ee", "-eer" tàbí "-ese", ìparí náà fúnra rẹ̀ ni: em-ploy-EE, en-gi-NEER, Ja-pa-NESE. "-ness", "-ful", "-ment", "-ly" àti "-less" ní tiwọn kì í sábà ṣí stress nídìí: HAP-py, HAP-pi-ness, GO-vern, GO-vern-ment.

Àwọn tó yapa wà. PO-li-tics, A-ra-bic, CA-tho-lic kò tẹ̀ lé ti "-ic". Com-MIT-tee kò tẹ̀ lé ti "-ee". Wọn ò pọ̀, kí ó kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé. Ẹni tó bá mọ ìlànà tó sì mọ ìwọ̀nba tó yapa, ohun tó máa há sórí ti dín kù gan-an.

Ẹ kíyè sí i pé níbí yìí, ìgé méjèèjì ti pàdé. Ẹni tí kò bá rí àfòmọ́ ìparí kò ní mọ ibi tí ó máa tẹnu mọ́. PHO-to-graph, pho-TOG-ra-pher, pho-to-GRA-phic: ìpìlẹ̀ kan náà, stress ń ṣí kiri nítorí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Nítorí náà, tísà lẹ́sìnnì tó ní àtẹ́wọ́ ò wúlò kò sọ tán, tísà ilé ìwé tó dúró sórí àtẹ́wọ́ nìkan náà kò sọ tán.

* * *

Lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn ò jìnnà sí òótọ́. Google máa ń sọ ọ̀rọ̀ jáde, ó ń gé e sí sílébù, ó sì ń fi èyí tí a tẹnu mọ́ hàn. Ṣùgbọ́n kó yan ohùn ìlú Ọba, kó má fi í sórí ti Amẹ́ríkà. Ìlú Ọba ń sọ ad-VER-tise-ment, Amẹ́ríkà ń sọ ad-ver-TISE-ment. Ìlú Ọba ń sọ la-BO-ra-to-ry, Amẹ́ríkà ń sọ LA-bo-ra-to-ry. Ọmọ á gbọ́ ti Amẹ́ríkà kedere lórí fóònù, á kọ ohun tó gbọ́, wọn ò sì ní fún un ní máàkì.

Ẹnì kan tún bi mí nípa àmì kékeré tó ń gé ọ̀rọ̀ nínú dikiṣọ́nárì, pé dikiṣọ́nárì méjì òun ò bára mu: ọ̀kan kọ "know-ledge", èkejì kọ "knowl-edge". Ibi tí ẹni tó ń tẹ̀wé ti lè já ọ̀rọ̀ sí ìlà tó tẹ̀ lé e ni irú àmì bẹ́ẹ̀ sábà ń fi hàn. Àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà a máa tẹ̀ lé etí, ti ìlú Ọba a máa tẹ̀ lé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìjà àwọn tísà Ìkéré ti wà láàárín àwọn atẹ̀wé tipẹ́. Kí ọmọ wá stress níbi tí dikiṣọ́nárì ti kọ ohùn ọ̀rọ̀, kó wo àmì kékeré tó dúró síwájú sílébù tí a tẹnu mọ́.

* * *

Ẹ̀ka ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí ìmọ̀ ló ń fún ọmọ, kì í ṣe máàkì nìkan. Nọ́ọ̀sì kan nínú yín, ní Adó níbí, ló mú àpẹẹrẹ tó dára jù wá. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń ṣi "hyperglycaemia" mú fún "hypoglycaemia". "Hyper" ni ohun tó ga kọjá ìwọ̀n, "hypo" ni ohun tó wálẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, "glyc" jẹ mọ́ ṣúgà, "aemia" jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga jù, èkejì ni èyí tó lọ sílẹ̀ jù. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀ pátápátá. Stress àwọn méjèèjì sì wà níbì kan náà, orí "cae", ìyẹn ni pé ibi tí wọ́n fi yàtọ̀ síra gan-an ni ohùn ti rọlẹ̀. Bí mo bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, hy-PER àti hy-PO ni mo máa tẹnu mọ́ bí mo bá ń fa aláìsàn lé nọ́ọ̀sì mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti mọ "aemia", ó ti mọ ìdajì "anaemia" àti "leukaemia". Ẹni tó mọ "-itis" pé ara wíwú tó ń gbóná ni, á mọ "hepatitis" nígbà tó bá gbọ́ pé "hepat" ni ẹ̀dọ̀.

Àfòmọ́ a máa paradà. "In-" tó túmọ̀ sí "kì í ṣe" di "im-" nínú "impossible", "il-" nínú "illegal", "ir-" nínú "irregular". Ẹ rántí "ní" tó di "l" nínú àìlówólọ́wọ́. Ohùn tó wà nítòsí ló ń sọ wọ́n dà.

Ẹ̀yin tó ní "history" jẹ́ "his" àti "story", mi ò gbà. "Historia" ti àwọn Gíríìkì ló ti wá, kò ní ọkùnrin kankan nínú. "Outrage" kì í ṣe "out" àti "rage", odidi ló wá láti èdè Faransé. "Hamburger" ò ní "ham" nínú, Hamburg ní Jámánì ni. "Uncle" kò sì ní "un-" kankan. Ìdánwò tí mo ń fún àwọn ọmọ ni pé: yọ àfòmọ́ náà, kí o wò ó bóyá ohun tó kù ní ìtumọ̀, àti bóyá ìtumọ̀ náà bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni "helicopter". Gbogbo wa ń gé e sí "heli" àti "copter". "Helico" ni, ohun tó ń lọ́ yíká, àti "pter", ìyẹ́ apá.

* * *

Àwọn ọmọ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis" síbí láti fi dán ara wọn wò. Lẹ́tà 45 ni. Everett Smith, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe àlọ́ ní Amẹ́ríkà, ló hun ún ní 1935 kí ó lè gùn ni. Mo fẹ́ kí wọ́n lò ó, wọn ì báà má há a sórí. Pneumono, ẹ̀dọ̀fóró, ultra, rékọjá, microscopic, ohun tó kéré tí ojú lásán ò rí, silico, silica, volcano, òkè tó ń yọ iná, coni, eruku, osis, ipò àìsàn. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku wẹ́wẹ́ láti òkè oníná ń fà. Stress tó lágbára jù wà lórí "o" tó bẹ̀rẹ̀ "-osis", bíi ti tu-ber-cu-LO-sis àti di-ag-NO-sis. Ọmọ tó bá lè gé èyí, "industrialization" ò ní bà á lẹ́rù.

* * *

Ìyá láti Ìkéré ti padà wá. Ẹ ní tísà lẹ́sìnnì ti gbà pé kí àwọn ṣe méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n pé ẹ ò kàwé jìnnà, ṣọ́ọ̀bù lẹ ń tà, báwo lẹ ṣe lè ràn án lọ́wọ́ nílé.

Ẹ̀yin gan-an lẹ lè ràn án lọ́wọ́, mà á. Ẹ pe àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ ṣe ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù: kọ̀ǹpútà, dókítà, hòtẹ́ẹ̀lì, sìmẹ́ǹtì, tòmátò, fọ́tò, gómìnà, yunifásítì. Ẹ fetí sí ibi tí ohùn òkè ti kọ́kọ́ jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹ-PÚ-tà: com-PU-ter. DÓ-kítà: DOC-tor. Hò-TẸ́Ẹ̀-lì: ho-TEL. Sì-MẸ́Ǹ-tì: ce-MENT. FỌ́-tò: PHO-to. Yuni-FÁ-sítì: u-ni-VER-si-ty. Àwọn tó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ èdè wa gbọ́ stress òyìnbó dáadáa, ohùn òkè ni wọ́n sì fi gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí dikiṣọ́nárì rí. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ kan tí Yorùbá ti yá, kó bi yín bí ẹ ṣe ń pè é, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn máa wà nínú rẹ̀.

Ohun kan ló yẹ kó ṣọ́ra fún. Nínú Yorùbá, gbogbo sílébù ló ń jáde ní kíkún, ohùn yálà òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí a kò tẹnu mọ́ máa ń kúrú, fáwẹ́lì rẹ̀ a sì rọ. "O" àkọ́kọ́ nínú "photo" jáde dáadáa; nínú "photography" ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kó má kàn gbé ohùn sókè níbi stress, kó jẹ́ kí àwọn tó kù rọlẹ̀.

Nílé, ẹ jẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ gígùn kan jáde láti inú ìwé tó ń kà, kì í ṣe láti inú ìwé ìdánwò. Kó kọ́kọ́ sọ àfòmọ́ àti ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà kó pàtẹ́wọ́ sí i, kó pa èyí tí a tẹnu mọ́ kíkankíkan. Ẹ ò nílò láti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bó bá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ tí kò yé yín, ẹ ní kó tún un sọ. Kó fi "electric", "electricity" àti "electrification" bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní: kó sọ fún yín ibi tí stress ti ṣí lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti nínú èwo ni "c" ìparí "electric" ti yí ohùn padà. Kí ẹ kọ èsì rẹ̀ síbí, mo máa wò ó.